Dókítà David Morley àti Káàdì Ọmọ Wa

Káàdì tí à ń dì sínú ọ̀rá, tí à ń mú lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ wọn ọmọ, ó ní ẹni tí ó làkàkà lórí rẹ̀. Ilé ìwòsàn tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní Iléṣà ni ó sì ti ṣiṣẹ́ náà.

David Morley ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ àlùfáà ni, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a sì bí i sí ní 1923. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Cambridge àti ní St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1956, òun àti Aileen aya rẹ̀ dé sí Wesley Guild Hospital, Iléṣà.

Èrò tí ó bá níbẹ̀ kò lóǹkà. Èèyi, ikọ́ líle, ibà àti ìgbẹ́ gbuuru ń pa ọmọ wẹ́wẹ́, pàápàá àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú tí ó jẹ́ pé ẹ̀kọ lásán ni wọ́n ń mu. Òmíràn nínú wọn, ẹ̀pa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má bóró mọ́ kí ìyá tó gbé e dé. Morley rí i pé bí òun bá jókòó sí Iléṣà, òun kò ní í rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ó bá mú ọ̀nà ìgbèríko pọ̀n, ó lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Láti 1957 ni ó ti ń tọ ipasẹ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ níbẹ̀ láti ọjọ́ ìbí wọn. Ohun tí ó rí ni pé kí àìjẹunrekánú tó hàn lára ọmọ, ọmọ náà á ti dáwọ́ sísanra dúró fún ìgbà pípẹ́, ojú lásán kò sì ní í rí i. Òṣùwọ̀n ni yóò sọ ọ́.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi ya ìlà sórí káàdì, bí ọ̀nà tí ń gun òkè. Bí àmì ọmọ bá ń gòkè, ó dára. Bí ó bá dúró tàbí tí ó wálẹ̀, kí a tètè bèèrè. Ó sì fi káàdì náà sọ́wọ́ ìyá kí ó máa mú un lọ sílé. Àwọn ẹlòmíràn rò pé ìyá tí kò mọ̀wé yóò sọ ọ́ nù. Àwọn ìyá tọ́jú rẹ̀ ju ilé ìwòsàn lọ!

Ẹ jẹ́ kí a yà díẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ wa kéré, a gbé ọ̀kan nínú wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan tí a kò ní í dárúkọ. Wọn kò rí fáìlì rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti fa oògùn sínú abẹ́rẹ́ tán kí a tó rántí káàdì tí ó wà nísàlẹ̀ báàgì. Ó kà á, ó rí i pé oògùn náà gan-an ni ara ọmọ ti kọ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Ó rọra gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Àyà wa já lọ́jọ́ náà.

Morley tún fọkàn tán àwọn nọ́ọ̀sì. Ó kọ́ wọn láti wọn ọmọ, láti tọ́jú àìsàn tí ó wọ́pọ̀, kí wọ́n sì fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, gbogbo rẹ̀ lójú kan náà, kí ìyá má baà padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dán abẹ́rẹ́ èèyi wò ní ilẹ̀ wa. Lẹ́yìn tí ó ti lọ, wọ́n fi Ìmẹ̀sí-Ilé wé ìlú kan nítòsí tí kò ní irú ìtọ́jú yìí. Nínú 1,000 ọmọ tí ó ti lé ní ọdún kan ṣùgbọ́n tí kò tí ì pé márùn-ún, 18 ni ó ń kú lọ́dún ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ní ìlú kejì, 51 ni.

Ó padà sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1961, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀. Ní 1965 ó dá ẹgbẹ́ TALC sílẹ̀, tí ó máa ń fi ìwé àti ohun èlò olówó pọ́ọ́kú ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwòsàn ìgbèríko nígbà ayé rẹ̀. Wọ́n ní ṣíbí olórí méjì kan, ẹ̀gbẹ́ kan fún iyọ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì fún ṣúgà, kí ìyá lè po omi ìgbẹ́ gbuuru láìṣì í wọ̀n.

Ní oṣù keje 2009 ni Morley kú, ẹni ọdún 86. Káàdì rẹ̀ ti tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè nígbà náà.