René Descartes, ọkùnrin tó fi nọ́ńbà sọ ibi tí nǹkan wà

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti dé kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Benin tàbí Togo á ti ya ìlà méjì tó dábùú ara wọn, ọ̀kan ní ìbú, èkejì ní òòró, kó lè mọ ibi tí A àti B wà. Orúkọ René Descartes ni wọ́n fi ń pe ètò ìlà yìí.

Ọjọ́ 31 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1596 ni wọ́n bí i ní La Haye, ìlú kékeré kan ní Touraine nílẹ̀ Faransé. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì tí ìyá rẹ̀ fi kú. Ara rẹ̀ kò le rárá. Nílé ìwé àwọn àlùfáà Jesuit ní La Flèche, wọ́n gbà á láyè kó máa pẹ́ lórí ibùsùn láàárọ̀, ó sì mọ́ ọn lára títí tó fi dàgbà. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ó kọ́ ìmọ̀ òfin, ó wọṣẹ́ ológun ní Hólándì lọ́dún 1618, ó rìn káàkiri, ó wá padà sí Hólándì, ó lo nǹkan bí ogún ọdún níbẹ̀. Kì í pẹ́ lójú kan.

Lọ́dún 1633, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ìwé kan nípa ayé àti oòrùn nígbà tó gbọ́ pé ilé ẹjọ́ ìjọ Kátólíìkì ní Róòmù ti dá Galileo lẹ́bi, torí ó ní ayé ló ń yí oòrùn ká. Descartes gbé ìwé tirẹ̀ pamọ́. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn kan lè pè é ní ojo. Lójú tèmi, ọgbọ́n ni.

Torí ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní Leiden, ni iṣẹ́ tó sọ ọ́ di olókìkí jáde. Èdè Faransé ló fi kọ ọ́, kì í ṣe Látìn tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń lò. Apá kan rẹ̀, La Géométrie, fi hàn pé èèyàn lè fi nọ́ńbà àti lẹ́tà yanjú ọ̀rọ̀ ìlà àti òbìrípo. Fermat, ọmọ Faransé bíi tirẹ̀, náà ń ronú bẹ́ẹ̀ lákòókò kan náà. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn ló wá to fọ́múlà tí olùkọ́ ń kọ sójú pátákó lónìí, òfin Pythagoras ará Gíríìsì ló sì wà nínú rẹ̀. Ká ní ẹnì kan rin kílómítà 3 sí ìlà oòrùn, ó yà sí àríwá, ó rin 4. 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9, 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16, àpapọ̀ wọn jẹ́ 25. 5 lọ́nà 5 ló ń jẹ́ 25. Kílómítà 7 lẹni náà rìn, ṣùgbọ́n ẹyẹ tó bá fò tààrà kò ní fò ju 5 lọ.

Descartes fúnra rẹ̀ fọkàn tán òfin yìí. Ní oṣù Bélú 1643, ó kọ lẹ́tà sí Elisabeth, ọmọ ọba Bohemia tí wọ́n lé kúrò lórí oyè. Ìṣirò kan ló wà láàárín wọn: òbìrípo mẹ́ta wà nílẹ̀, kí a wá ẹ̀kẹrin tó máa fara kan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí bí èèyàn ṣe máa ṣe é láìmọ bí àárín ọ̀kan ṣe jìnnà sí àárín èkejì. Ó ṣàlàyé pé òfin méjì péré lòun ń lò, ti àwọn onígunmẹ́ta tó jọra àti ti Pythagoras. Elisabeth náà sì ṣe ìṣirò ọ̀hún fúnra rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ṣáájú lẹ́tà yẹn ni Francine, ọmọ kan ṣoṣo tí Descartes bí, kú lọ́mọ ọdún márùn-ún.

Lọ́dún 1649, Christina, ọbabìnrin Swídìn, ránṣẹ́ pè é sí Stockholm. Aago márùn-ún ìdájí ló fẹ́ kó máa wá kọ́ òun lẹ́kọ̀ọ́, nínú òtútù oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ẹni tó ti ń pẹ́ lórí ibùsùn láti kékeré! Òtútù àyà mú un, ó sì kú ní ọjọ́ 11 oṣù Èrèlé ọdún 1650, lẹ́ni ọdún 53.

Wọ́n kó egungun rẹ̀ padà sí Faransé nígbà tó yá, ṣùgbọ́n agbárí rẹ̀ kò bá a dé. Èyí tí wọ́n ní ó jẹ́ tirẹ̀ wà ní Musée de l'Homme ní Paris, egungun yòókù wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Germain-des-Prés. La Haye tí wọ́n bí i sí, Descartes ni wọ́n ń pè é báyìí.