Anna Hinderer: Òyìnbó tí àwọn ọmọ Kúdẹtì ń pè ní Ìyá, tó bá wọn jẹ iṣu àti ẹ̀wà lásìkò ogun Ìjàyè

Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1860, obìnrin òyìnbó kan wà ní Kúdẹtì, n'Ìbàdàn, tí ilé rẹ̀ kún fún ọmọ tí kì í ṣe òun ló bí wọn. Anna Hinderer lorúkọ rẹ̀. Kò bímọ rárá láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá ni àwọn ọmọ ilé náà ń pè é, orúkọ yẹn náà ni ará àdúgbò sì mọ̀ ọ́n sí.

Ogun náà dí ọ̀nà fún bí ọdún márùn-ún. Owó tán nílé, oúnjẹ di wàhálà, ọmọ kò sì mọ̀ pé ogun ń jà, oúnjẹ ló mọ̀. Bí obìnrin yìí ṣe gbé ìkòkò kaná fún wọn láàárín ọdún márùn-ún yẹn ni ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ dá lé.

Ta ni Anna Hinderer?

Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta, ọdún 1827 ni wọ́n bí i sí abúlé Hempnall ní ìpínlẹ̀ Norfolk, lórílẹ̀-èdè England. Anna Martin ni orúkọ rẹ̀ kó tó lọ́kọ. Ọmọ ọdún márùn-ún péré ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ẹni tó bá ti pàdánù ìyá ní kékeré á mọ ohun tó túmọ̀ sí kí èèyàn máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Ọ̀dọ̀ àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ní ìlú Lowestoft ló lọ gbé, ó sì tún gbé lọ́dọ̀ àlùfáà ìlú náà àti ìyàwó rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ tálákà jọ, tó ń kọ́ wọn nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi.

Lóṣù kẹwàá ọdún 1852 ló fẹ́ David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọ CMS. David ti wọ Ìbàdàn lọ́dún 1851, òun sì ni míṣọ́nnárì àkọ́kọ́ tó lọ síbẹ̀. Kí ọdún 1852 tó parí, tọkọtaya náà ti wọ ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n gba Èkó, wọ́n gba Abẹ́òkúta, wọ́n sì wọ Ìbàdàn lóṣù kẹrin ọdún 1853. Kúdẹtì ni wọ́n tẹ̀dó sí, inú ilé alámọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé.

Ilé tí ọmọ ń jẹ, tó sì ń sùn sí

Ìlú jagunjagun ni Ìbàdàn ìgbà náà. Ẹni tó bá mọ ogun jà, tó sì ní oko ńlá, ni wọ́n ń kà sí èèyàn gidi. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń bẹ̀rù pé ọmọ tó bá kàwé yóò di ọ̀lẹ, kò ní lè jagun, kò sì ní lè roko. Nítorí náà, àwọn tó kọ́kọ́ gbà kí ọmọ wọn lọ sí Kúdẹtì kò pọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tó gbà ni Olóyè Olúńlóyò. Ó fa ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé tó jẹ́ obìnrin àti Akínyẹlé tó jẹ́ ọkùnrin, lé David àti Anna lọ́wọ́ kí wọ́n máa gbé lọ́dọ̀ wọn. Nǹkan kékeré kọ́ nìyẹn o. Lọ́dọ̀ Yorùbá, ẹni tó bá ń bọ́ ọmọ ẹni ti di òbí ọmọ náà. Bí ọmọ bá rù nílé olórìṣà, aráyé á gbọ́. Bó bá rù nílé òyìnbó, wọn ò ní tún gbé ọmọ kankan wá mọ́.

Díẹ̀díẹ̀ ni ilé náà ń kún. Àwọn kan wá láti ilé olóyè, àwọn kan jẹ́ ọmọ onígbàgbọ́ tuntun, àwọn kan sì wà tí wọ́n rà padà kúrò lóko ẹrú. Ọmọ olóyè àti ọmọ tí wọ́n rà padà jọ ń gbé inú ilé kan náà, wọ́n jọ ń kàwé, wọ́n jọ ń kọ́ aṣọ rírán, wọ́n sì jọ ń jẹun. Nílùú tí ọ̀pọ̀ ìdílé ńláńlá ti ní ẹrú, ìyẹn nìkan ti tó ẹ̀kọ́.

Níbẹ̀rẹ̀, oúnjẹ méjì ló wà nínú ilé náà. Àwọn ọmọ ń jẹ oúnjẹ ilẹ̀ wa, àwọn òyìnbó sì ní tíì, ṣúgà àti ìyẹ̀fun tó ń bọ̀ láti òkè òkun. Orí làwọn aláàárù fi ń ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láti etíkun wá, nítorí pé kò sí mọ́tò, kò sì sí rélùwéè nígbà yẹn. Bí ọ̀nà bá dí, ẹrù ò lè kọjá.

Nígbà tí ọ̀nà dí

Ọ̀nà náà sì dí lóòótọ́. Lẹ́yìn tí Aláàfin Àtìbà wàjà lọ́dún 1859, ọmọ rẹ̀ Adélù jọba. Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè, kọ̀ láti gbà á ní Aláàfin. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Adélù, Ẹ̀gbá sì gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Bí ọ̀nà Abẹ́òkúta ṣe dí nìyẹn. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú náà ò tún ṣeé gbà mọ́. Ìbàdàn kò sì ní ọ̀nà mìíràn tó yá sí etíkun.

Ohun tó le jù ni pé owó gan-an kò lè wọlé. Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná nígbà yẹn. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 ẹyọ, ẹrù odidi èèyàn kan sì ni. Kò sí báǹkì, kò sí bí ìjọ ṣe lè fi owó oṣù ránṣẹ́ láìjẹ́ pé aláàárù rù ú kọjá láàárín ọmọ ogun. Oúnjẹ wà lọ́jà Ìbàdàn, àmọ́ ogun ti mú kó wọ́n, owó tí wọ́n máa fi rà á ló sì wà ní Èkó.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹrù ilé. Wọ́n ta àpótí, wọ́n ta aṣọ, kódà wọ́n yọ páànù tí wọ́n fi tẹ́ inú àpótí, wọ́n tà á. Ohun tó bá jáde nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń ra iṣu àti ẹ̀wà. Epo pupa díẹ̀, ata díẹ̀, ó parí. Ọjọ́ mìíràn wà tí ẹ̀wà ẹ̀kúnwọ́ kan ni oúnjẹ Anna fúnra rẹ̀.

Tíì ti tán, ìyẹ̀fun ti tán. Ìkòkò méjì ti di ẹyọ kan. Ohun tí ọmọ ń jẹ ni Ìyá náà ń jẹ. Yorùbá ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan ò bá ní. Ní Kúdẹtì, gbogbo wọn ni ò ní, síbẹ̀ wọ́n jọ ń jẹ ẹ́.

Kì í ṣe àwọn nìkan ló gbé ilé náà ró. Àwọn ará Ìbàdàn tí ọwọ́ tiwọn náà ò fi bẹ́ẹ̀ dẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn tí wọ́n wá wàásù fún ló wá di ẹni tó ń gbà wọ́n lọ́wọ́ ebi. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìtàn ò kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Ẹnu tún pọ̀ sí i nídìí ìkòkò náà. Nígbà tí Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìjàyè lóṣù kẹta ọdún 1862, wọ́n mú míṣọ́nnárì CMS kan níbẹ̀, Edward Roper. Wọ́n kó o wá sí Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ Anna àti David ló sì ń gbé lẹ́yìn náà. Ìjàyè ti tú, àmọ́ ogun Ẹ̀gbá àti Ìbàdàn kò tíì parí. Ọ̀nà ṣì dí.

Ọkùnrin kan wọlé lóru

Ní 1865, ara Anna ti bàjẹ́ gan-an. Ibà ti ń dà á láàmú láti ọdún tó ti dé, ebi sì wá gbà á yòókù. Glover, tó ń ṣàkóso Èkó, rán Captain Maxwell àti àwọn ọkùnrin díẹ̀ pé kí wọ́n la igbó gba ọ̀nà mìíràn lọ sí Ìbàdàn. Lóṣù kẹrin, wọ́n yọ sí Kúdẹtì lóru láìròtẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣú wọn síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, nítorí náà òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n gbọ́dọ̀ lọ.

Kò sí ọjọ́ ìdágbére. Àwọn ọmọ tó ti bá pebi ń jí láàárọ̀, wọ́n sì rí i pé Ìyá ń lọ. David dúró tì wọ́n nítorí pé kò sẹ́ni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n so mọ́ igi ni wọ́n fi gbé Anna gba inú igbó, ó sì dé Èkó láàyè. England ló gbà lọ.

Ohun tó fi sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ ni kò rò pé yóò padà, ṣùgbọ́n ó padà. Ó tún ṣiṣẹ́ díẹ̀ sí i n'Ìbàdàn kí àìsàn tó lé òun àti ọkọ rẹ̀ lọ pátápátá ní 1869. Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹfà, ọdún 1870 ló kú sí Martham ní Norfolk. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni.

Iṣẹ́ Kúdẹtì kò dúró o. Daniel Olúbí, ọmọ Abẹ́òkúta tó ti wà pẹ̀lú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, ló gba àkóso ìjọ. Wọ́n fi í joyè àlùfáà, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ tó jẹun nílé yẹn náà di olùkọ́.

Lónìí, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin St Anne's ní Mọ̀lété ń jẹ́ orúkọ Anna, Yejide Girls' Grammar School sì ń jẹ́ orúkọ ọmọbìnrin tí Olóyè Olúńlóyò fà lé e lọ́wọ́. Ìyá àti ọmọ, orúkọ wọn jọ wà n'Ìbàdàn.