Ọba Kofi Karikari ti Àṣáńtì àti Ohun Ọ̀ṣọ́ Àwọn Baba Ńlá Rẹ̀

Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó ti gbé ní Accra rí tí kò mọ ìkóríta ńlá nì tí a ń pè ní Circle, èyí tí wọ́n fi orúkọ Kwame Nkrumah sọ. Púpọ̀ nínú àwọn òbí wa ni ó ṣòwò ní ìlú náà kí òfin oṣù kọkànlá ọdún 1969 tó lé wọn padà wá sílé. Ní Circle ni ọkọ̀ ti ń gbéra lọ sí Kumasi, níbẹ̀ náà sì ni àwọn òǹtajà ń pàtẹ yẹtí, òrùka àti ẹ̀gbà ọrùn tí a fi irin ṣe, tí a sì fi àwọ̀ wúrà bò lójú. Ẹni tí ó ra irú rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú kò ní rántí pé ní Kumasi, níbi tí ọkọ̀ wọ̀nyí ń lọ, a ti rọ ọba kan lóyè rí nítorí ohun ọ̀ṣọ́. Orúkọ ọba náà ni Kofi Karikari, ìtàn rẹ̀ ni a ó sì sọ lónìí.

Ọjọ́ Ẹtì ni a bí i, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ Kofi ti fi hàn. Afua Kobi ni ìyá rẹ̀, obìnrin tí ó di Ìyá Ọba ilẹ̀ Àṣáńtì. Ìdí ìyá ni wọ́n ti ń jọba níbẹ̀, kì í ṣe ìdí baba bí tiwa. Nígbà tí Kwaku Dua Kìíní wàjà ní ọdún 1867, Karikari ni àwọn àgbà fi jọba. Ọ̀làwọ́ ènìyàn ni, àwọn èrò sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀làwọ́ tí ó bá jókòó ti ilé ìṣúra ọba, ewu ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí wúrà jẹ́ fún àwọn ènìyàn yìí, nítorí bí a kò bá mọ̀ ọ́n, ìtàn Karikari kò ní yé wa. Lúbúlúbú wúrà ni owó tí wọ́n ń ná. Olúkúlùkù oníṣòwò ní òṣùwọ̀n, ṣíbí kékeré, àti àwọn ère idẹ wẹ́wẹ́ tí a fi ń wọn wúrà náà. Láti inú orúkọ òṣùwọ̀n tí ó kéré jù lọ ni wọ́n ti rí orúkọ pesewa tí àwọn ará Gánà ń ná títí di òní. Bí lúbúlúbú bá dà sílẹ̀ ní ọjà Kumasi, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣà á. Ti ọba ni erùpẹ̀ ọjà, òun nìkan ni ó sì lè pàṣẹ pé kí a jọ̀ ọ́.

Ọwọ́ alágbẹ̀dẹ wúrà ni lúbúlúbú yìí ti ń di ohun ọ̀ṣọ́. Oníṣẹ́ náà a kọ́kọ́ fi ìda oyin mọ àwòrán ohun tí ó fẹ́ ṣe; a máa fa ìda náà tín-ín-rín bí òwú, a sì máa wé e yípo-yípo. Lẹ́yìn èyí, yóò fi amọ̀ tí a pò mọ́ èédú lílọ̀ bò ó, yóò sì sá a kí ó gbẹ. Bí amọ̀ bá wọ iná, ìda yóò yọ́ dànù, àyè rẹ̀ yóò sì ṣófo. Nígbà náà ni ẹwìrì yóò fẹ́ iná sí wúrà inú ìkòkò ìyọ́ títí gbogbo hóró lúbúlúbú yóò fi papọ̀ di ọ̀kan, tí wúrà yíyọ́ náà yóò sì ṣàn lọ kún àyè tí ìda fi sílẹ̀. A kò lè rí ohun tí a dá títí a ó fi fọ́ amọ̀ náà, a kò sì lè lo amọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí wa tí a mọ iṣẹ́ idẹ Ilé-Ifẹ̀ àti ti Ìbíní.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe àwo wúrà tí àwọn tí ń tọ́jú ẹ̀mí ọba ń so mọ́ àyà. Idà ọba pàápàá, irin ni ojú rẹ̀, igi tí a fi wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ni èèkù rẹ̀, a ó sì so ère wúrà mọ́ ọn. Bowdich, aṣojú àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó dé Kumasi ní ọdún 1817, kọ ọ́ sílẹ̀ pé lọ́dọọdún, nígbà ọdún iṣu, ni wọ́n ń yọ́ ohun ọ̀ṣọ́ ọba tí wọ́n sì ń fi ṣe tuntun. Wúrà alààyè ni èyí. Ti òkú yàtọ̀: ohun ọ̀ṣọ́ tí ó bá ti bá ọba wọ ilé ìsìnkú, ó ti di ti àwọn baba ńlá.

Ogun ni ó ba nǹkan jẹ́. Ní ọdún 1872 àwọn Dọ́ọ̀ṣì fi ilé olódi Elmina lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni Àṣáńtì sì ka ìlú náà sí tiwọn. Ọmọ ogun Karikari sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí òkun, Gẹ̀ẹ́sì sì rán Ọ̀gágun Wolseley wá. Wọ́n jà kíkan-kíkan ní Amoafo ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 1874, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 4 oṣù kejì, Wolseley wọ Kumasi. Karikari ti kúrò ní ìlú.

Ní òru ni àwọn òṣìṣẹ́ ogun fi àbẹ́là tú ààfin, wọ́n ń kó wúrà. Ní ọjọ́ 6 wọ́n fi ẹ̀tù fọ́ ààfin náà, wọ́n sì dáná sun ìlú. A lu ẹrù náà ní gbàǹjo ní Cape Coast, Garrard tí ń ta ohun ọ̀ṣọ́ ní London sì ra púpọ̀ nínú rẹ̀. Láti ọwọ́ Garrard ni Richard Wallace ti ra ère orí ènìyàn kan tí ó jẹ́ ògidì wúrà, tí ó wúwo ju kìlógíráàmù kan lọ.

Ìyẹn kò tó wọn. Nínú àdéhùn Fomena, Karikari ní láti san 50,000 áúǹsì wúrà. Díẹ̀ lé ní 1,000 ni àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ rí kó wá, kì í sì í ṣe lúbúlúbú nìkan: ohun ọ̀ṣọ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀.

Nígbà tí ilé ìṣúra ti gbẹ, wọ́n fi ẹ̀sùn kan ọba pé ó jí ohun ọ̀ṣọ́ wúrà kó nínú ilé ìsìnkú àwọn ọba. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó burú tó èyí lójú Àṣáńtì. A lè pàdánù ogun kí a sì tún jà, ṣùgbọ́n ta ni yóò bẹ òkú fún ọba tí ó tú òkú sí ìhòòhò? Afua Kobi, ìyá tí ó bí i, kò dúró tì í. Wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè kí ọdún 1874 tó parí, wọ́n sì fi Mensa Bonsu, àbúrò rẹ̀, jọba. Lójú tèmi, ìdájọ́ náà tọ́ ní ìlànà ìlú wọn. Ṣùgbọ́n ní ọdún yìí kan náà ni ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì fi 25,000 pọ́n-ùn ta Wolseley lọ́rẹ. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn pé ó mú lára ohun ìdílé ara rẹ̀ pàdánù ìtẹ́. Ẹni tí ó kó ohun onílé gba ẹ̀bùn.

Wọ́n rọ Mensa Bonsu náà lóyè ní ọdún 1883, àwọn ènìyàn Karikari sì gbìyànjú láti dá a padà sórí ìtẹ́. Kò ṣeé ṣe. Ó kú ní ọdún 1884 nínú rògbòdìyàn tí ó tẹ̀ lé e.

Ní ọdún 1974, nígbà tí ó pé 100 ọdún tí a sun Kumasi, Asantehene Opoku Ware Kejì béèrè fún àwọn ohun ọ̀ṣọ́ náà. Ní oṣù kejì ọdún 2024, Fowler Museum ní ìpínlẹ̀ California dá 7 padà pátápátá fún Otumfuo Osei Tutu Kejì. Ní ọdún náà, British Museum kó 15 wá, Victoria and Albert Museum sì kó 17, a sì pàtẹ gbogbo wọn sí ààfin Manhyia ní Kumasi. Wọ́n kò dá ìwọ̀nyí padà. Wọ́n yá Àṣáńtì ní wọn fún ọdún 3 ni. Ère orí wúrà nì kò sí lára wọn.