Isabella, Ìyàwó Thackeray

Ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá ń ka lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò ti gbọ́ orúkọ William Makepeace Thackeray, ẹni tí wọ́n bí sí Calcutta ní ilẹ̀ Íńdíà ní 1811, tó sì kọ ìwé Vanity Fair. Ìyàwó rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín. Ojú ìwé kan péré ni wọ́n sábà máa ń yà sọ́tọ̀ fún un nínú ìtàn ọkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tó ṣe é kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ lórúkọ tipẹ́: àbísínwín.

Isabella Shawe ni wọ́n ń pè é kó tó délé ọkọ. Ìdílé ará Áyálándì ló ti wá, ṣùgbọ́n ìlú Paris ni òun àti Thackeray ti ṣègbéyàwó ní 1836. Ọkọ kò lówó nígbà náà, kálámù ló fi ń wá oúnjẹ. Wọ́n bí Anne ní 1837. Wọ́n bí Jane ní 1838, ọmọ náà kò pé ọdún kan tó fi kú. Nígbà tí oṣù karùn-ún 1840 ń parí lọ, wọ́n bí Harriet tí wọ́n ń pè ní Minny.

Lẹ́yìn ìkúnlẹ̀ kẹta yìí ni nǹkan yí padà. Ẹ má rò pé ó ń pariwo tàbí pé ó ń fa aṣọ ya o. Ó kàn dákẹ́ ni. Ìbànújẹ́ bò ó, kò náání ohunkóhun mọ́, ó sì ń rò pé òun kò yẹ ní aya fún ọkọ òun. Nínú oṣù kẹjọ, Thackeray fi í sílẹ̀, ó gba Bẹ́ljíọ̀mù lọ nítorí ìwé tó fẹ́ kọ. Lójú tèmi, ìrìn àjò yẹn kò dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àìlówó ló lé e lọ. Nígbà tó padà dé, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Ní oṣù kẹsàn-án, tọkọtaya àti àwọn ọmọ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Cork, níbi tí ìyá Isabella ń gbé. Lójú agbami, Isabella wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú ọkọ̀, ó gba ibẹ̀ fò sínú òkun. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n tó rí i, ó léfòó ní ìdùbúlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tu omi. Lẹ́yìn èyí, bí ọkọ rẹ̀ bá fẹ́ sùn, á so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ìyàwó rẹ̀ ní ìbàdí, á sì so ìdí kejì mọ́ ara rẹ̀, kó lè jí bí ó bá mira. Nínú gbogbo ohun tí mo kà nípa Thackeray, ríbọ́ọ̀nù yìí ni kò kúrò lọ́kàn mi.

Ìyá ìyàwó kò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ẹ̀bi ọkọ ló ń dá. Thackeray bá kó ẹbí rẹ̀ lọ sí Paris lọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀. Wọ́n fi Isabella sí ilé ìtọ́jú Esquirol ní Ivry. Ní 1841 wọ́n gbé e lọ sí Boppard létí odò Rhine ní Jámánì, níbi tí wọ́n ti ń fi omi tútù wo aláìsàn. Ẹ̀rù omi náà ba Isabella, ni ọkọ rẹ̀ bá bá a wọ inú rẹ̀. Nígbà mìíràn á dà bí ẹni pé ó ti ń bọ̀ sípò, á tún padà sẹ́yìn. Ní 1845 wọ́n mú un wá sí Camberwell nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, sí ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń gba owó ìtọ́jú rẹ̀.

Thackeray wá di ẹni tí kì í ṣe àpọ́n, tí ìyàwó kò sì kú fún, síbẹ̀ tí kò ní ìyàwó nílé. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ kí ènìyàn kọ aya nítorí wèrè. Ó di 1937 kí wọ́n tó yí i padà. Nígbà tí Charlotte Brontë sì tẹ Jane Eyre lẹ́ẹ̀kejì ní 1848, tó fi ìwé náà júbà Thackeray, ará ìlú bẹ̀rẹ̀ òfófó, nítorí ọkùnrin inú ìwé yẹn fi ìyàwó rẹ̀ tó ya wèrè pamọ́ sókè ilé. Brontë kò mọ nǹkan kan nípa Isabella.

Lónìí àwọn dókítà mọ̀ pé obìnrin kan tàbí méjì nínú 1,000 tó bímọ ni àìsàn yìí ń mú. Òògùn wà, ọ̀pọ̀ sì ń gbádùn pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè tún dé nígbà ìbímọ mìíràn. Àwọn díẹ̀ ni kì í fi sílẹ̀ bọ̀rọ̀, Isabella sì wà lára wọn.

Thackeray kú ní December 24, 1863. Minny kú ní 1875 pẹ̀lú oyún nínú. Isabella wà láàyè títí di 1894, ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta lẹ́yìn ìrìn àjò Cork. Anne, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ fò sínú òkun, ti di ẹni ọdún 56 nígbà tí ìyá náà kú.