Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Ìtàn Olóyè S. O. Awókọ̀yà, Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì

Ní ojú-ewé tí a yà sọ́tọ̀ fún ìtàn àwọn ẹni àná, olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ kàn lọ́tẹ̀ yìí, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì sì ni.

Ohun tó mú un wá sí wa lọ́kàn kò jìnnà. Ní Kado, níhìn-ín ní Àbújá, àwọn kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ wa máa ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdírì ní ẹ̀kọ́ àfikún lọ́jọ́ Sátidé. A kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ kan, a bi ọmọ SS2 kan léèrè pé kí ni wọ́n ń pè ní ásíìdì nínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì. Ó kà á bí ẹni ń ka oríkì, kò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. A wá bi í pé nínú gbogbo ohun tó wà ní ilé ìdáná ìyá rẹ̀, èwo ni ásíìdì? Ọmọ wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó dákẹ́. Ẹnu rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rí i rí. A kò dá a lẹ́bi, nítorí bí wọ́n ṣe kọ́ púpọ̀ nínú àwa náà nìyẹn. Inú ọ̀rọ̀ yìí ni a wà tí a fi rántí Olóyè Awókọ̀yà.

Ní ọdún 1913 ni wọ́n bí Stephen Olúwọlé Awókọ̀yà ní Awà, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ó lọ sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's ní Ọ̀yọ́, níbi tí ìjọ C.M.S. ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ láti ọdún 1896. Gbogbo ẹni tó mọ ìtàn ilẹ̀ wa mọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ yẹn kì í fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ṣeré. Láti ibẹ̀ ni ó ti kọjá sí Yaba Higher College.

Ó yẹ kí a sọ díẹ̀ nípa Yaba yìí, kí ohun tí a fẹ́ sọ lè yé wa. Ọdún 1934 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí i ní gbangba. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ ìṣègùn, iṣẹ́ ẹ̀rọ, iṣẹ́ àgbẹ̀, àti iṣẹ́ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì. Oore ni, ṣùgbọ́n oore náà ní ẹ̀gún nínú. Ìwé-ẹ̀rí Yaba kì í ṣe oyè yunifásítì. Nàìjíríà nìkan ni iyì rẹ̀ mọ, igbákejì òyìnbó sì ni ẹni tó bá gbà á yóò máa jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó nínú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀, èyí tó padà di Nigerian Youth Movement. Awókọ̀yà kò jẹ́ kí tirẹ̀ pin sí Yaba. Ó tẹra mọ́ ìwé títí ó fi gba oyè B.Sc. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni kó tó di ohunkóhun mìíràn. Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ẹ̀kọ́ yìí ti rí láyé ìgbà náà. Láti Cambridge ni ìbéèrè ìdánwò àwọn ọmọ wa ti ń wá, nítorí ọdún 1952 ni wọ́n tó dá àjọ WAEC sílẹ̀. Láti ìlú òyìnbó ni ìwé ti ń wá, ibẹ̀ náà ni ìgò àti túùbù àyẹ̀wò ti ń wá. Ọmọ tó ń rí ìyá rẹ̀ tó ń fi eérú àti epo se ọṣẹ dúdú lẹ́yìnkùlé kò mọ̀ pé kẹ́mísìrì ni ìyá òun ń ṣe. Ó rò pé inú ìwé òyìnbó nìkan ni kẹ́mísìrì ń gbé.

Awókọ̀yà kọ ìwé sáyẹ́ǹsì kan tí ó pè ní The Science of Things About Us. Bí a bá fẹ́ tú orúkọ náà, sáyẹ́ǹsì àwọn ohun tó yí wa ká ni. Orúkọ yìí nìkan tó ẹ̀kọ́ fún olùkọ́ tó bá ronú sí i. Ohun tó yí ọmọ ká ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, kí a tó mú un lọ sí ohun tí kò rí rí.

Ní ọdún 1949, àwọn ará Ìjẹ̀bú-Igbó ṣí ilé-ìwé gíga tiwọn, Molusi College. Awókọ̀yà ni pírínsípà àkọ́kọ́ níbẹ̀. Kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí òṣèlú fi pè é. Ó bá àwọn Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe ẹgbẹ́ Action Group. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà gba ìjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn, òun ni wọ́n fi ṣe Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́ ní ọdún 1952.

Ní oṣù Keje ọdún náà, ó gbé ìwé ètò kan lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn: kí gbogbo ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn máa lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú wọn dùn sí i. Owó-orí gòkè nítorí rẹ̀. Nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ọdún 1954, ẹgbẹ́ N.C.N.C. borí Action Group ní Ìwọ̀-Oòrùn gan-an, owó-orí yìí sì wà lára ohun tó fà á. Síbẹ̀ wọn kò yí ohùn padà. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kìíní, ọdún 1955, ètò náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó jẹ́ bí 457,000 ní ọdún 1954 lé ní 811,000 ní 1955. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí àti òbí wa àgbà, ẹnu ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà wọlé.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ korò. Ẹnu ọ̀nà gbòòrò, olùkọ́ kò tó. Àwọn tí wọn kò kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ rárá pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó wọ kíláàsì, bí ìjọba tilẹ̀ ṣí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ tuntun. Olùkọ́ tí nǹkan kò bá yé dáadáa, kí ni yóò ṣe? Yóò ní kí ọmọ há a sórí. Àwọn ilé-ìwé gíga tó wà nígbà náà kò pọ̀, àwọn tó ní láàbù sáyẹ́ǹsì tó múná dóko kéré nínú wọn. Àwọn tó ń kọ́ni títí dé ìpele A Level tí yunifásítì ń béèrè kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tó ní làákàyè láti di dókítà tàbí ẹnjiníà lè jáde ní ilé-ìwé láìfi ọwọ́ kan búrẹ́ẹ̀tì rí.

Ní ọdún 1956, Awókọ̀yà fi Action Group sílẹ̀. A kò ní fi ìjà òṣèlú kún ojú-ewé wa. Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ló kàn wá. Ẹlòmíràn tó ti jẹ mínísítà rí, kíláàsì kò tún ní wù ú mọ́. Ti Awókọ̀yà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1958, nígbà tí òmìnira kù sí dẹ̀dẹ̀, ìjọba àpapọ̀ rí i pé àwọn ọmọ Nàìjíríà tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òyìnbó nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò tó nǹkan. Wọ́n dá Federal Emergency Science School sílẹ̀ ní Èkó. Ilé-ìwé pàjáwìrì ni, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti wí. Awókọ̀yà ni pírínsípà rẹ̀.

Àwọn tó wọ ibẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n ti yege nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Àìsí olùkọ́ àti àìsí láàbù ló dá wọn dúró. Wọ́n kọ́ wọn ní kẹ́mísìrì, físíìsì àti àwọn ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì yòókù títí wọ́n fi lè wọ yunifásítì. Lẹ́yìn náà ni ilé-ìwé náà di Federal School of Science. Ohun tí èyí fi hàn ni pé orí ọmọ kì í sábà burú; ọ̀nà tí a gbà kọ́ ọ ló máa ń burú. Ọkùnrin tó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tún padà lọ dúró ti àwọn tí ilẹ̀kùn sáyẹ́ǹsì ti sé mọ́ sẹ́yìn.

Lẹ́yìn òmìnira, ó di Olórí Olùdámọ̀ràn fún ìjọba àpapọ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́. Láti ibẹ̀ ni àjọ UNESCO ti pè é lọ sí ilé-iṣẹ́ wọn ní Paris, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá níbẹ̀, lórí bí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lè fi sáyẹ́ǹsì tún ìlú wọn ṣe. Àjọ yìí kan náà ló ti tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1956 fún àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, tó ń kọ́ wọn bí a ti ń fi agolo, ìgò àti okùn ṣe irinṣẹ́ láàbù níbi tí owó kò bá sí. Nígbà tó padà wálé, ó ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ yìí náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọdún 1970, tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́, títí kan sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fà. Ní ọdún 1985 ni Olóyè Awókọ̀yà papò dà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Kado. Lọ́jọ́ Sátidé kejì, a kò gbé ìwé dání. Zobo la gbé lọ, èyí tí wọ́n fi ìṣápá pupa ṣe láìfi ṣúgà sí i. A bù ú sínú ife mẹ́ta. A fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú èkíní, ó tún pọ́n sí i. A da omi eérú tí a ti sẹ́ sínú èkejì, àwọ̀ pupa lọ, ó di àwọ̀ ewé. A fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lè fi wọ́n wéra. Ariwo ta! Ọmọ tó dákẹ́ lọ́jọ́sí ló kọ́kọ́ béèrè ìdí. Ìgbà tí wọ́n béèrè tán ni a tó pe orúkọ: ásíìdì lèyí, álíkálì lèyí, zobo ló ń fi ìyàtọ̀ wọn hàn. A ní kí wọ́n máa kán omi ọsàn sínú ife kejì díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n máa ka iye rẹ̀, títí pupa yóò fi padà. Iṣẹ́ tí wọ́n ń fi búrẹ́ẹ̀tì ṣe nínú ìdánwò WAEC kò jìnnà sí èyí. A sì kìlọ̀ fún wọn pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu ún, kí wọ́n má sì jẹ́ kí omi eérú ta sí ojú wọn.

Awókọ̀yà kọ́ ló kọ́ wa ní ti zobo o. Ọgbọ́n orúkọ ìwé rẹ̀ la tẹ̀ lé. Kí ọmọ kọ́kọ́ rí i, kí ó béèrè, kí a tó fún un lórúkọ tí yóò há sórí. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, púpọ̀ nínú wa ni yóò di olùkọ́ lọ́la. Àwọn mìíràn yóò di olóṣèlú, bóyá mínísítà pàápàá. Bí ipò bá gbé wa ga, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó le jù láti padà sí kíláàsì. Kí Ọlọ́run fún Olóyè Awókọ̀yà ní ìsinmi, kí ó sì fún wa ní irú rẹ̀ sí i. Ire o.