Àlùfáà Samuel Johnson Láàárín Ibùdó Ogun Méjì

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwé ìrántí yìí ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹni ńlá kan tó ti di olóògbé, àwọn kan rò pé Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni n óò yàn. A ti kọ ti Crowther púpọ̀. Ẹni tí mo yàn ni ẹni tí a ń pe orúkọ rẹ̀ lójoojúmọ́ ní kíláàsì Ìtàn ní ilé-ìwé wa ní Ìjù yìí, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì béèrè irú ènìyàn tó jẹ́. Johnson wí báyìí, Johnson wí bẹ́ẹ̀. A há a sórí, a sì yege nínú ìdánwò. Ìgbà tí mo dé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà ni mo tó mọ̀ pé kí ọkùnrin yìí tó di òpìtàn, ó ti gbé ìwé ìjọba sápò, ó sì ti rìn wọ inú ibùdó ogun.

A bí Samuel Johnson ní ọjọ́ 24 oṣù Òkúdù, ọdún 1846, ní Hastings, nítòsí Freetown ní Sàró. Henry Erúgúnjìnmí ni orúkọ bàbá rẹ̀, ìran Aláàfin Abíọ́dún, ọ̀kan nínú àwọn tí òwò ẹrú fọ́n ká kí wọ́n tó rí ìtúsílẹ̀ ní Sàró. Samuel kò tíì pé ọmọ ọdún 12 nígbà tí bàbá rẹ̀ kó gbogbo ẹbí wá sí Ìbàdàn láti bá Àlùfáà David Hinderer ṣiṣẹ́ ní Kúdẹtì. Kò pẹ́ tí ogun Ìjàyè fi bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Ọ̀nà etí òkun dí, ebi sì mú àwọn ará ilé Hinderer gidigidi. Ogun ni ọmọ náà fi la ojú sí ayé ní ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ó lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Abẹ́òkúta lábẹ́ Àlùfáà Bühler, ó padà sí Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, ó di katikíìsì ní 1875, wọ́n sì fi jẹ díákónì ní 1880.

Nígbà náà, ogun mìíràn ti ń jó. Ní 1877, Ìbàdàn kọlu Ẹ̀gbá, àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sì ti ọ̀nà mọ́ wọn. Àwọn tó ń gbé nítòsí Ọ̀tà lónìí, tí wọ́n ń ráhùn nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù bá dí ọ̀nà fún wákàtí mẹ́ta, kí wọ́n ro ọ̀nà tí kò ṣí fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí iyọ̀ àti ẹ̀tù ìbọn kò fi lè kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní 1878, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dìde sí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí sì wà lára àwọn aṣáájú. Wọ́n pe àjọṣe wọn ní Èkìtìparapọ̀, Ògèdèǹgbé ti Iléṣà sì di olórí ogun wọn. Ààrẹ Látòósà ló kó ogun Ìbàdàn jáde. Àwọn méjèèjì fi ibùdó kọjú síra wọn lórí òkè nítòsí Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, ìró ìbọn ńlá tó ń dún láàárín òkè ló sì fún ogun náà lórúkọ: Kírìjì. Ibùdó di ìlú. Wọ́n kọ́ ilé síbẹ̀, wọ́n dáko yí i ká, wọ́n sì bí ọmọ síbẹ̀.

Ní 1881, Aláàfin Adéyẹmí kọ̀wé sí Gómìnà Èkó pé kó bá òun dá sí ọ̀ràn náà kí ilẹ̀ Yorùbá má baà parun. Johnson ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ó mọ èdè ààfin, ó mọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, Ìbàdàn sì ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìjọba London kò fẹ́ kí Èkó tọwọ́ bọ ìjà inú ilẹ̀, iṣẹ́ náà kò sì so èso. Ní 1884, Àlùfáà J. B. Wood lọ sí àwọn ibùdó láti bẹ̀ wọ́n. Kò rí i ṣe.

Ní 1886 ni Gómìnà Alfred Moloney wá pinnu láti bá wọn parí rẹ̀. Ó yan àlùfáà méjì. Johnson ni yóò lọ sọ́dọ̀ Aláàfin àti àwọn Ìbàdàn. Charles Phillips, tó ń ṣiṣẹ́ ní Oǹdó, ni yóò lọ sọ́dọ̀ Èkìtìparapọ̀. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró díẹ̀, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Gómìnà kan tó jókòó sí etí ọ̀sà kò lè fi lẹ́tà nìkan parí ogun. Ó ní láti mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ ní tòótọ́. Látòósà ti kú sí ibùdó ní 1885. Ta ni yóò sọ pé kí Ìbàdàn kó ẹrù, tí wọn yóò sì gbọ́? Ó ní láti mọ irú ohun ìjà tó wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ti ń fi ìbọn Snider ránṣẹ́ sílé, èyí tí wọ́n ń ki ọta sí láti ẹ̀yìn, nígbà tí ṣakabùlà ṣì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn Ìbàdàn. Ó sì ní láti mọ ìbẹ̀rù tí kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ́wọ́ ní gbangba: ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn padà, èkejì lè lé e pa lójú ọ̀nà. Ìlọrin sì tún wà nídìí Ọ̀fà, wọ́n ń bá Ìbàdàn jà láti apá mìíràn. Irú nǹkan báyìí kì í hàn nínú lẹ́tà. Ó di dandan kí ẹnìkan jókòó ti àwọn balógun, kó jẹun wọn, kó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ àti ohun tí wọ́n gbé mì.

Ǹjẹ́ amí ni Johnson? Mo ti ro ìbéèrè yìí fún ọdún púpọ̀. Àwọn tí Jóṣúà rán lọ sí Jẹ́ríkò fara pa mọ́ sí òrùlé Ráhábù. Johnson fi orúkọ ara rẹ̀ wọlé, ní ojú ọ̀sán, àwọn tó lọ bá sì mọ ẹni tó rán an. N kò lè pè é ní amí. Síbẹ̀, ojú tó rí nǹkan kò lè ṣe bí ẹni pé kò rí i, ìròyìn àlàáfíà sì jẹ́ ìròyìn ipá àti àìlera pẹ̀lú. Ohun tí àwọn ìránṣẹ́ kó dé Èkó ni Èkó ń kọ ránṣẹ́ sí London, wọ́n sì tẹ àwọn ìwé náà fún ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ní 1887. Ọ̀rọ̀ tí balógun kan sọ ní abẹ́ àgọ́ lè dé orí tábìlì àwọn tí kò mọ òun rí.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Òkúdù, 1886, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn: Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà kúrò lábẹ́ Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 23 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, àwọn aṣojú Gómìnà, Henry Higgins àti Oliver Smith, kéde àlàáfíà lórí òkè Kírìjì, wọ́n sì finá sí àwọn ibùdó. Iṣẹ́ kò parí síbẹ̀. Ọ̀ràn Mọ́dákẹ́kẹ́ kò yanjú, Ìlọrin kò sì fi Ọ̀fà sílẹ̀. Ọdún 1893, nígbà Gómìnà Carter, ni ọmọ ogun Ìbàdàn tó wálé.

Johnson ti di àlùfáà ìjọ Ọ̀yọ́ láti 1887. Ibẹ̀ ló wà tí ó fi rí ohun tó tẹ̀lé ọwọ́ tí wọ́n nà sí Èkó. Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn ní 1892. Carter rin káàkiri pẹ̀lú ìwé àdéhùn ní ọdún tó tẹ̀lé e. Ní oṣù Belu 1895, Kápítéènì Bower yin ìbọn ńlá lu Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀. Aláàfin Adéyẹmí, ẹni tó kọ lẹ́tà 1881, ló ṣì wà lórí ìtẹ́. Johnson gbà pé àlàáfíà tí Gẹ̀ẹ́sì mú wá sàn ju ogun lọ. Èmi kò lè dá a lẹ́jọ́: ọkùnrin tó ti ìgbà ọmọdé gbé láàárín ogun kò lè ronú bí èmi tí n kò gbọ́ ìró ìbọn rí àfi nínú fíìmù. Ṣùgbọ́n n kò rò pé oorun rẹ̀ dùn ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n yin ìbọn lu Ọ̀yọ́.

Ó parí ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá ní 1897. Ó fi ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó, ìwé náà sì sọnù. Johnson sùn ní ọjọ́ 29 oṣù Igbe, 1901, láìfi ojú rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀; òun náà kú ní 1920, ìwé sì jáde ní 1921. Ẹ̀dà kan wà ní ilé-ìkàwé wa nígbà tiwa, ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Àwọn ojú ewé Kírìjì ló dọ̀tí jù.