Eléko tó bá ìjọba ṣẹjọ́

Nígbà tí wọ́n ní kí oníkálukú mú ẹni ńlá kan tó ti kú tipẹ́ kó sì kọ ìtàn rẹ̀, mo ti mọ̀ pé Mọremí àti Awólọ́wọ̀ yóò pọ̀ jù. Ọba ni èmi mú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọba tó jagun. Ọba tí wọ́n mú kúrò nílùú rẹ̀ ni, tó sì fi bí ọdún mẹ́fà bá ìjọba òyìnbó fà á ní kóòtù. Èṣùgbàyí ni orúkọ rẹ̀. Eléko ni wọ́n ń pe ọba Èkó nígbà náà.

Ìdí tí mo fi mú un rèé. Lọ́dún tó kọjá, nǹkan ẹnì kan sọnù ní yàrá wa ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Wọ́n kó gbogbo wa síta lálẹ́, wọ́n ní ká kúnlẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò bi wá léèrè ohunkóhun. Ilẹ̀ mọ́ tán ni wọ́n rí nǹkan náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹni tó ni ín. Nígbà tí mo délé tí mo sọ fún bàbá mi àgbà, ẹ̀rín ni wọ́n rín. Wọ́n ní ṣé mo ti gbọ́ nípa Eléko rí. Mo ní rárá. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ìtàn nìyẹn, èmi náà sì wá ìyókù kà fúnra mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú tí mo bá ń pe ọba ní ó. Tí mo bá ń sọ pé wọ́n, wọ́n, wọ́n, a ò ní mọ èwo ni ọba, èwo ni ìjọba.

Ọmọ Ọba Dòsùnmú ni Èṣùgbàyí. Dòsùnmú yìí ni ọba tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ọkọ̀ ogun wá bá ní 1861, tí wọ́n ní kó fọwọ́ sí ìwé pé òun fi Èkó lé ọbabìnrin wọn lọ́wọ́. Ìbọn ńlá wà lójú omi, kí ló fẹ́ ṣe? Ó fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ. Láti ìgbà náà, ọba ṣì ń gbé Ìga Ìdúngànrán, ṣùgbọ́n gómìnà ló ń pàṣẹ, ìjọba ló sì ń fún ọba lówó lọ́dọọdún. Dòsùnmú wàjà ní 1885, Oyèkàn jẹ, òun náà wàjà ní 1900. Ní 1901, ó kan Èṣùgbàyí.

Owó ọdọọdún yẹn, okùn ni. Ẹni tó bá ń gbà á, wọ́n retí pé kó máa ṣe bí ìjọba ṣe fẹ́. Èṣùgbàyí ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó dá wàhálà sílẹ̀ ni omi. Ìjọba fẹ́ fa omi ẹ̀rọ wọ Èkó láti Ìjú, wọ́n sì fẹ́ kí àwọn ará ìlú máa sanwó rẹ̀. Ní 1908, àwọn ará Èkó tú jáde, wọ́n ní kànga àwọn tó àwọn, pé àwọn òyìnbó ni omi náà wà fún. Nígbà tí owó náà wá délẹ̀ gan-an ní 1916, ìjà tún bẹ́. Ìjọba rò pé Eléko yóò bá wọn pàrọwà fún àwọn èèyàn rẹ̀. Ẹ̀yìn àwọn èèyàn rẹ̀ ló wà. (Èmi o, mo fẹ́ràn omi ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ti ru garawa láti ìsàlẹ̀ dé họ́sítẹ́ẹ̀lì wa rí á mọ ohun tí mo ń sọ. Ṣùgbọ́n wọn ò bá wọn sọ ọ́ kí wọ́n tó gbé owó lé wọn lórí.)

Ní 1919 wọ́n dá a dúró fúngbà díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ oyè àwọn Mùsùlùmí Èkó, wọ́n sì tún dá a padà. Ìyẹn kọ́ ni mo ń bọ̀ wá sọ. Ilẹ̀ ni.

Ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá. Ilẹ̀ ẹbí Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa ni. Olóyè yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, ìyẹn àwọn olóyè onífìlà funfun tí wọ́n ni ilẹ̀ Èkó láti ìgbà àwọn baba wọn. Òfin sọ pé tí ìjọba bá gba ilẹ̀, kí ó sanwó fún ẹni tó ni ín. Olóyè Olúwa ní kí wọ́n san án. Kóòtù Èkó ní rárá, pé alábòójútó lásán ni, òun kọ́ ló ni ilẹ̀, nítorí náà owó kékeré ló tọ́ sí i. Ẹ gbọ́ o! Ilẹ̀ tí baba rẹ àti baba baba rẹ sin òkú sí, wọ́n ní alábòójútó ni ẹ́.

Olóyè ò gbà. Nígbà náà, tí kóòtù Èkó bá dá ọ lẹ́bi, ibi kan ṣoṣo ló kù tí o lè lọ: ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń pè ní Privy Council. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso máa ń parí sí. Ní 1920, Olóyè Olúwa wọ ọkọ̀ ojú omi, Herbert Macaulay sì bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé. Ẹ mọ Macaulay, òun ni ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, iṣẹ́ ìwọn-ilẹ̀ ló kọ́. Ọ̀pá àṣẹ Eléko wà lọ́wọ́ wọn lọ.

Nígbà tí Macaulay dé Lọ́ńdọ̀nù, kò dákẹ́. Ó ní Eléko ni olórí àwọn ènìyàn, pé ìjọba ò sì ṣe ohun tó yẹ fún ìdílé Dòsùnmú. Ìwé ìròyìn gbé e. Inú bí àwọn tó wà ní Èkó. Wọ́n ránṣẹ́ sí Eléko pé kó sọ pé òun ò rán Macaulay níṣẹ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kó sì rán oníagogo káàkiri ìlú láti kéde rẹ̀.

Ibí ni mo ti dúró nígbà tí mo ń kà á. Ó rọrùn láti ṣe é, àbí? Agogo lásán. Lu agogo, gba owó rẹ, máa jẹun. Ṣùgbọ́n tí agogo bá ti dún, gbogbo ìlú á gbọ́ pé ọba ti sẹ́ ẹni tó gbé ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́. Eléko ò rán oníagogo. Nínú oṣù kejìlá 1920, ìjọba ní àwọn ò mọ̀ ọ́n ní ọba mọ́, wọ́n sì dá owó rẹ̀ dúró.

Ní 1921 ni ìdájọ́ ilẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Olóyè Olúwa jàre. Àwọn adájọ́ náà ní ilẹ̀ ti gbogbo ẹbí àti ará àdúgbò ni, olóyè ló dì í mú fún wọn. Pé ìwé tí Dòsùnmú fọwọ́ sí ní 1861 ò gba ilẹ̀ onílẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀. Wọ́n ní kí ìjọba sanwó fún ilẹ̀ náà bí ẹni tó ń san án fún olówó rẹ̀. Títí di òní, àwọn tó ń kọ́ òfin ilẹ̀ ní yunifásítì ń ka ẹjọ́ yìí.

Ní Èkó, ìjọba ò mọ Eléko lọ́ba, àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n. Àwọn ìyá ọlọ́jà wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí náà wà lẹ́yìn rẹ̀, Macaulay sì dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ ní 1923. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, kì í ṣe òyìnbó nìkan ló dojú kọ ọ́. Nínú ìdílé Dòsùnmú fúnra rẹ̀, àwọn kan wà tí wọ́n ní kó kúrò. Ní 1925 wọ́n ní àwọn ti rọ̀ ọ́ lóyè, wọ́n sì mú Ìbíkúnlé Àkìtóyè. Ìjọba ní ó dáa. Wọ́n pàṣẹ pé kí Èṣùgbàyí kúrò ní Èkó. Kò kúrò. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ, 1925, wọ́n mú un, wọ́n gbé e lọ sí Ọ̀yọ́.

Òfin kan wà tí wọ́n gbé dání, òfin ọdún 1917. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ òfin ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, mo sì rò pé ó yé mi. Òfin náà ní gómìnà lè lé ẹnì kan kúrò nílùú, ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Ẹni náà gbọ́dọ̀ ti jẹ́ olóyè ìbílẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti rọ̀ ọ́ lóyè. Àṣà ìlú náà sì gbọ́dọ̀ sọ pé ẹni tí wọ́n bá rọ̀ lóyè, kó kúrò níbẹ̀.

Nítorí náà, àwọn lọ́yà Eléko gba kóòtù lọ pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń pè ní habeas corpus. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, ìwọ tó mú èèyàn mọ́lẹ̀, wá síwájú adájọ́, kí o sọ òfin tó fún ọ láṣẹ. Wọ́n ní ta ló rọ̀ ọ́ lóyè, báwo ni wọ́n ṣe rọ̀ ọ́? Wọ́n ní níbo ni àṣà Èkó ti sọ pé kí ọba tí wọ́n rọ̀ lóyè kó ẹrù rẹ̀? Ìjọba ò fẹ́ dáhùn. Èsì wọn ni pé gómìnà ti sọ pé nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí bẹ́ẹ̀, ó sì ti tán. Agbẹjọ́ ẹnì kan dá àgbà òṣìkà, ṣùgbọ́n èyí tún ju ìyẹn lọ, torí gómìnà ni olùpẹ̀jọ́, òun náà ló tún fẹ́ jẹ́ ẹlẹ́rìí àti adájọ́.

Kóòtù Èkó lé wọn. Wọ́n tún padà wá sọ́dọ̀ adájọ́ mìíràn, ìyẹn ní ẹlẹgbẹ́ òun ti dá ẹjọ́ náà. Wọ́n gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1928, Privy Council ní rárá o, adájọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbé irú ẹ̀bẹ̀ yìí wá bá gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ fúnra rẹ̀, bí ẹlòmíràn tilẹ̀ ti kọ̀ ọ́. Inú Èkó dùn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn nìkan ni ìyẹn ṣí. Wọ́n padà sí Èkó, wọ́n tún fìdí rẹmi, wọ́n tún múra fún Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́dún 1928 yìí kan náà, Macaulay ṣẹ̀wọ̀n torí ìwé ìròyìn rẹ̀ gbé e jáde pé wọ́n ní àwọn kan fẹ́ pa Eléko tó bá ń bọ̀ wálé. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n sọ ọ́ sí. Àkìtóyè kú lọ́dún náà, Sànùsí Olúsì gorí oyè. Eléko sì wà ní Ọ̀yọ́, ó ń dàgbà sí i.

Ìdájọ́ ńlá náà dé ní oṣù kẹta 1931. Lord Atkin ló kọ ọ́. Ó ní òṣìṣẹ́ ìjọba kankan, bó ti wù kó ga tó, kò lè fọwọ́ kan òmìnira ènìyàn tàbí ẹrù rẹ̀, àfi tó bá lè fi òfin tó fún un láṣẹ hàn níwájú kóòtù. Ó ní iṣẹ́ adájọ́ ni láti wádìí nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, kì í ṣe ti gómìnà, adájọ́ ò sì gbọdọ̀ sá fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ torí pé ìjọba ni ó kàn. Ó sọ̀rọ̀ lórí àṣà náà. Tí àṣà àtijọ́ bá le tẹ́lẹ̀ tó wá rọ̀, àwọn tó ni àṣà ló máa sọ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ń ṣe é báyìí. Kóòtù ò lè jókòó kó tún àṣà oníàṣà ṣe. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Wọ́n wá dá ẹjọ́ náà padà sí Èkó pé kí wọ́n lọ gbọ́ ẹ̀rí.

Ẹ kíyè sí i, wọn ò sọ pé kí Eléko máa lọ sílé. Wọ́n ní kí ìjọba wá fi ẹ̀rí hàn. Ìjọba ò sì fi ẹ̀rí kankan hàn títí ọ̀rọ̀ fi parí. Gómìnà tuntun, Donald Cameron, dé lọ́dún 1931 náà, ó sì rí i pé ó sàn kí wọ́n yanjú ẹ̀ láàárín ara wọn. Sànùsí Olúsì kúrò ní Ìga, wọ́n tọ́jú ilé àti owó fún un, wọ́n sì jáwọ́ nínú ẹjọ́. Èṣùgbàyí padà sí Èkó ní 1931. Bàbá mi àgbà ní bàbá tiwọn wà lára àwọn tó lọ pàdé rẹ̀, pé ìlú kún débi pé èèyàn ò rí ilẹ̀ tẹ̀.

Kò pẹ́ lórí oyè lẹ́ẹ̀kejì. Ó wàjà nínú oṣù kẹwàá 1932, kò tó ọdún méjì tó padà dé. Fálolú ló jẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ku nǹkan kan tí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi. Ní 1941, nígbà ogun àgbáyé kejì, ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Liversidge dé iwájú àwọn adájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù. Mínísítà ló ní kí wọ́n tì í mọ́lé, kò sì sọ ìdí tó yè kooro. Adájọ́ márùn-ún ló jókòó. Mẹ́rin ní ọ̀rọ̀ mínísítà ti tó. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní kò tó, Lord Atkin náà ni, ẹjọ́ Eléko ti Èkó sì wà lára ohun tó gbé síwájú wọn. Kábíyèsí ti wàjà ní ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú ìgbà náà.